Desktop àbí laptop fún iṣẹ́: ẹ kọ́kọ́ ro ọjọ́ tí ó máa bàjẹ́

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àkáǹtì ni mo ń bá àwọn oníṣòwò kéékèèké ṣe, ilé sì ni mo ti ń ṣe é. Laptop tí mo ti ń lò láti ọdún mẹ́fà ti ń kú lọ: bátìrì rẹ̀ kì í gbé ààbọ̀ wákàtí mọ́, ó ń gbóná débi pé mi ò lè gbé e lé itan, bí mo bá sì ṣí fáìlì ńlá, á dúró gbọnin. Owó tí mo tù jọ kò lè ra ẹ̀rọ méjì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra desktop. Èmi wò ó pé ẹni tó bá ń ra desktop lóde òní, ẹ̀yìn ló ń rìn sí. Ta ló tọ̀nà nínú wa?

* * *

Ọ̀rẹ́ yín ni mo tì lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ìdí tí mo fi tì í lẹ́yìn, ẹ bá mi dáhùn ìbéèrè kan: láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ gbé laptop yẹn jáde nílé, tí ẹ sì fi ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ gbé e lọ? Gbígbé e láti orí tábìlì lọ sórí bẹ́ẹ̀dì kò sí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sínú báàgì jáde, tí ẹ sì gbé e padà wálé láìṣí i, ìyẹn náà kò sí nínú rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á kí ẹ tó dáhùn.

Ní ti pé desktop ti di ohun àná: lóòótọ́ ni pé láti nǹkan bí ọdún 2008 ni iye laptop tí wọ́n ń kó jáde lágbàáyé ti ju ti desktop lọ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni àwọn ẹ̀rọ méjèèjì. Ọdún 1981 ni IBM gbé PC rẹ̀ jáde. Ọdún yẹn kan náà ni Osborne 1 jáde, kọ̀ǹpútà tí wọ́n dìídì ṣe kí èèyàn lè máa gbé e rìn. Ó wúwo tó kílò 11, ojú rẹ̀ kò ju ínǹṣì 5 lọ, kò sì ní bátìrì nínú, nítorí náà ibi tí iná bá wà ni ẹni tó gbé e máa wá lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń ra ẹ̀rọ tó ṣeé gbé nítorí pé iṣẹ́ wọn ń rìn, tí àwọn mìíràn sì ń ra èyí tó jókòó nítorí pé iṣẹ́ wọn jókòó. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ ayé òde òní kúrò nínú rẹ̀.

* * *

Mo ti ka ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn wí. Bí a bá kó o jọ, ó di mẹ́ta: desktop lágbára jù, laptop ṣeé gbé, iye owó kan náà á sì ra desktop tó dáa ju laptop lọ. Òótọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ ohun tó fà á, àìmọ̀ yẹn ló sì ń mú káwọn èèyàn ra ohun tí iṣẹ́ wọn kò nílò.

Ooru ló fà á. Processor (chip tó ń ṣe gbogbo ìṣirò nínú kọ̀ǹpútà) yòówù tó bá ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbóná, ooru náà sì gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde. Inú àpótí desktop láyè fún fáànù ńlá àti irin tó ń fa ooru kúrò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè gba processor rẹ̀ láàyè láti máa jẹ iná wáàtì 65, tàbí 125 pàápàá, fún wákàtí gbọọrọ. Nínú laptop pẹlẹbẹ, wáàtì 15 sí 28 ni wọ́n sábà máa ń fún un. Àwọn tó nípọn díẹ̀ máa ń gba 45. Bí ooru bá ti ń sún mọ́ 100°C, processor fúnra rẹ̀ á dín eré kù kó má baà jóná. Mo fura pé ohun tó ń ṣe laptop yín nìyẹn nígbà tó bá dúró gbọnin. Eruku ọdún mẹ́fà ti dí ojú ibi tí atẹ́gùn ń gbà. Mo máa padà síbẹ̀, nítorí ó kan ìpinnu yín.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ tàn yín. Ẹ wo káàdì àwòrán tí wọ́n ń pè ní RTX 4090. Èyí tó wà fún desktop ní memory 24 GB, ó sì lè jẹ tó wáàtì 450. Èyí tó wà nínú laptop, tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, 16 GB ló ní, iná tí wọ́n fún un kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́, chip inú rẹ̀ pàápàá yàtọ̀. Ẹni tó ń ṣe fídíò tàbí àwòrán 3D, tó ra èkejì pẹ̀lú èrò pé àkọ́kọ́ lòun ń rà, á kábàámọ̀ gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ béèrè, Excel àti ètò àkáǹtì ni iṣẹ́ yín. Processor wáàtì 15 tó jáde láàárín ọdún mélòó kan sí ìsinsìnyí á ṣe é, agbára á sì tún ṣẹ́kù. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ agbára dẹ́rù bà yín. Ẹ̀yìn òde àpótí ni àǹfààní desktop wà fún yín: ojú tó fẹ̀, àti kíbọ́ọ̀dù tó ní àwọn nọ́ńbà lápá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ laptop ínǹṣì 13 àti 14 ni kò ní àwọn nọ́ńbà yẹn. Ẹni tó ń tẹ iye owó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ mọ bó ṣe rí kí ọwọ́ ọ̀tún máa sáré lórí nọ́ńbà láìjẹ́ pé ojú wo ilẹ̀, ó sì mọ bó ṣe rí kí èèyàn máa wá 7 lókè àwọn lẹ́tà ní gbogbo ìgbà. Lójú mi, nínú iṣẹ́ yín, ìyẹn nìkan tó láti dá ẹjọ́ yìí.

* * *

Ẹnì kan fèsì pé kí n fi ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn sílẹ̀, pé iṣẹ́ la wá ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọrùn, nítorí ó ti dé bá mi rí.

Iṣẹ́ títo ìwé fún ìtẹ̀jáde ni mo ń ṣe. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi tẹ́ laptop sílẹ̀ lórí tábìlì, tí mo ń tẹ orí ba láti wò ó. Ìrora bẹ̀rẹ̀ léjìká òsì, ó gun ọrùn, ó wá ń dé ẹ̀yìn orí ní ìrọ̀lẹ́. Mo yí àga padà lẹ́ẹ̀mejì, mo ra tìmùtìmù, kò lọ. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé kò sí bí mo ṣe lè jókòó tí ara á fi gbà á, nítorí wọ́n so ojú laptop mọ́ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Bí kíbọ́ọ̀dù bá wà ní ibi tó dáa fún ọwọ́, ojú rẹ̀ ti wà nílẹ̀ jù. Bí ẹ bá gbé ojú rẹ̀ sókè, ọwọ́ yín á máa rọ̀ lófuurufú. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jìyà fún èkejì.

Ohun tó yẹ ni kí etí òkè mọ́nítọ̀ bá ojú yín dọ́gba tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀, kí ó sì jìnnà sí yín tó bí ọwọ́ ṣe gùn tó, kí kíbọ́ọ̀dù wà lọ́tọ̀ níbi tí ìgbọ̀nwọ́ á ti sinmi. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, kò ju oṣù méjì lọ tí ìrora ẹ̀yìn orí yẹn fi lọ. Ti èjìká pẹ́ kó tó lọ. Nítorí náà ẹ má sọ fún mi pé ìrọ̀rùn kì í ṣe iṣẹ́.

* * *

"Ẹ ra laptop, kí ẹ ra mọ́nítọ̀ àti kíbọ́ọ̀dù sí i, ẹ ti ní méjèèjì nìyẹn." Ó tó èèyàn mẹ́rin tó ti sọ èyí báyìí, ìmọ̀ràn tó dáa sì ni fún ẹni tí owó rẹ̀ tó o. Wáyà USB-C kan ṣoṣo lè gbé àwòrán lọ sí mọ́nítọ̀, kó gbé iná wá sínú laptop, kó sì so kíbọ́ọ̀dù àti máòsì mọ́ ọn. Ẹ yọ wáyà náà, ẹ gbé ẹ̀rọ yín, ó di ọ̀nà. (Ẹ ṣáà rí i dájú pé ojú ihò USB-C ti laptop náà ń gbé àwòrán jáde, nítorí gbogbo wọn kọ́ ló ń ṣe é. Mo ti rí ẹni tó ra dock, àpótí tí wọ́n fi ń so gbogbo nǹkan wọ̀nyí mọ́ laptop, ní owó gọbọi kó tó mọ̀.)

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fún ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ọrùn mi sàn. Ní ọdún kẹta, ibi tí a ń fi ìka rá nísàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù laptop náà bẹ̀rẹ̀ sí í le, kò tẹ̀ mọ́. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Nígbà tí mo gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì, mo rí i pé kò jókòó dáadáa mọ́, ó ń mì. Bátìrì ló ti wú nínú rẹ̀, tó ń ti ohun gbogbo sókè. Mo pa á lójú ẹsẹ̀, mi ò ṣájì í mọ́, mo sì gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan bátìrì tó bá wú, iná lè sọ lára rẹ̀.

Bátìrì lithium kì í fẹ́ kó kún dé 100 kó sì máa gbóná lójoojúmọ́, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ sí laptop tó wà lórí iná láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ laptop òde òní ní ibi tí èèyàn ti lè sọ fún un pé kó máa dúró ní 80. Mi ò mọ̀ nígbà náà. Ẹ wá a nínú tiyín lónìí bí ẹ bá ń lò ó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí mo ka iye ìgbà tí mo yọ wáyà yẹn láàárín ọdún mẹ́rin, kò tó ogún. Mo ti san owó bátìrì, owó pípẹlẹbẹ, owó ojú kékeré kan tí mo máa ń pa dé. Desktop ni mo ń lò láìmọ̀, àwọn ohun ìní laptop ni mo fi kọ́ ọ.

* * *

Ẹni tó ní, "iná ń lọ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ níbi tí mo wà, ẹ sì ń bá mi sọ̀rọ̀ desktop," inú ń bí i díẹ̀, mo sì gbà fún un. Mo tètè fò ó ni. Fún ẹni tí iná rẹ̀ kò dúró, ìṣirò mìíràn ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Bátìrì laptop tó jẹ́ 50 Wh (ìyẹn ni pé ó lè fúnni ní wáàtì 50 fún wákàtí kan), bí iṣẹ́ kéékèèké bá ń jẹ wáàtì 10, á gbé e fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Desktop ńlá pẹ̀lú mọ́nítọ̀ rẹ̀ lè máa jẹ tó wáàtì 100 lórí iṣẹ́ kan náà, UPS kékeré (bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá lọ) tí wọ́n sì ń rà sílé kì í gbé irú rẹ̀ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú yẹn, láti tọ́jú fáìlì kí ẹ sì pa ẹ̀rọ dáadáa ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ń fi í ṣiṣẹ́ lọ, á bá a nínú òkùnkùn. Fún oníṣẹ́ àkáǹtì, ewu ibẹ̀ kò kéré: bí iná bá já nígbà tí ètò ń kọ̀wé sínú fáìlì, fáìlì náà lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ibi tí mo ti máa bá yín jiyàn díẹ̀ rèé: desktop kékeré, àwọn tí àpótí wọn kò ju lítà kan lọ, kì í jẹ iná bẹ́ẹ̀. Inú wọn jọ ti laptop. Pẹ̀lú mọ́nítọ̀ ínǹṣì 24, wáàtì 35 sí 40 ló máa ń jẹ lórí iṣẹ́ ìwé, UPS kan náà yóò sì gbé e pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Bí iná bá ń lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tó. Bí ó bá ń lọ fún wákàtí mẹ́ta, tí kò sì sí iná oòrùn tàbí bátìrì ńlá nílé, ẹ ra laptop. Mi ò ní ohun tí mo lè fi ta kò yín níbẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ ká dé ibi tí ọkàn mi wà gan-an. Gbogbo èèyàn ń fi ọjọ́ tí wọ́n rà á wé ara wọn. Ọjọ́ tí ó bàjẹ́ ni kí ẹ fi wé.

Nígbà tí ojú ihò ṣájà laptop mi já, ìwé olójú-ewé 300 kan wà lọ́wọ́ mi, ó sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án tí a ní kó jáde. Ihò kékeré bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti jó o mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí àwọn ẹ̀yà inú ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀, nítorí náà gbogbo ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ lọ. Ó lo ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Ojú rẹ̀ kò fọ́, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ dára, iṣẹ́ mi wà nínú rẹ̀ pérépéré, mi ò sì lè fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo ní láti pe ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún mi, kí n sọ fún un pé ọjọ́ máa yẹ̀. Mi ò lè gbàgbé ohùn rẹ̀ lórí fóònù.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, pawa desktop mi, àpótí inú rẹ̀ tó ń pín iná fún un, jóná. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀, ó kú. Mo jáde lọ ra òmíràn, mo tú bóòtù mẹ́rin, mo yọ wáyà, mo fi wáyà bọ̀ ọ́. Kó tó di alẹ́, mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣeé ṣe nítorí pé ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní ATX wà láti ọdún 1995, tó sọ bí pawa ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó àti ibi tí ihò bóòtù rẹ̀ máa wà. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe àpótí kò ní láti mọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe pawa.

Kí n sọ òtítọ́ tó kù: gbogbo desktop kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn desktop ọ́fíìsì kan ní pawa tó bá àpótí tiwọn nìkan mu. Ti lítà kan yẹn, ṣájà ìta ni wọ́n ń lò bíi ti laptop, èyí tó tún rọrùn jù nítorí pípààrọ̀ rẹ̀ kò ní kí ẹ tú nǹkan kan. Ní ti laptop, àwọn kan wà tí ilé-iṣẹ́ wọn dìídì ṣe fún títú, bíi Framework tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 2021. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ laptop pẹlẹbẹ ni wọ́n ti jó RAM rẹ̀ (memory tó fi ń ṣiṣẹ́) mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ra 8 GB, 8 GB ló ní títí ayé ẹ̀rọ náà. Àwọn kan tilẹ̀ jó ibi ìkó-fáìlì-sí mọ́ ọn pẹ̀lú, débi pé bí mọ́dábọ́ọ̀dù bá kú, fáìlì bá a lọ.

Bí desktop bá bàjẹ́, apá kan ló sábà máa ń bàjẹ́. Mọ́nítọ̀ kú, ẹ yá òmíràn lọ́wọ́ aládùúgbò. Omi dà sórí kíbọ́ọ̀dù, ẹ sọ ọ́ nù. Omi kan náà lórí laptop, ẹ̀rọ ló ń lọ.

* * *

Ọ̀rọ̀ kan wọlé nípa olè. Ó kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé owó àwọn ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́ yín, nítorí náà ó ṣe pàtàkì.

Laptop lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú ọkọ̀, lórí àga, níbikíbi. Desktop kì í sábà sọnù lọ́nà, àmọ́ olè ń wọ ilé. Nínú méjèèjì, ẹ ti fáìlì inú rẹ̀ pa: BitLocker wà fún Windows, FileVault wà fún Mac. Ẹni tó bá jí i á ní irin, kò ní rí àṣírí oníbàárà yín. Ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà (recovery key, èyí tí ẹ lè fi ṣí i bí ó bá tì mọ́ yín) sí ibi tí kì í ṣe inú ẹ̀rọ náà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí: ẹ ní ẹ̀dà fáìlì mẹ́ta, sórí irú ohun ìkófáìlìsí méjì, kí ọ̀kan má sì sí nílé. Desktop kò gba èèyàn lọ́wọ́ èyí. SSD (ibi ìkó-fáìlì-sí tí kò ní ohun tó ń yí nínú) inú desktop lè kú láìsọ tẹ́lẹ̀, bíi ti laptop gẹ́lẹ́.

* * *

Àǹtí tó ń lọ yẹ ìwé wò láti ilé-iṣẹ́ dé ilé-iṣẹ́ ní mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo èèyàn ló jókòó sójú kan. Wọ́n ní lọ́jọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún, tábìlì ẹlòmíràn làwọn ń jókòó sí. Àǹtí, ẹ̀yin ni wọ́n ṣe laptop fún. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi mú yín ṣiyèméjì rárá.

Mo sì gbà pé laptop ti yí padà. Láti November 2020 tí Apple ti gbé chip M1 jáde, MacBook Air kò ní fáànù mọ́, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí laptop tó ń pariwo kò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn yòókù náà ti ń lé e bá. Kìkì pé kí ẹ ra memory tó máa tó yín fún ọdún márùn-ún láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí kò ṣeé fi kún. Bí ẹ bá sì ń wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹ wo bátìrì rẹ̀: bí ó bá ju 100 Wh lọ, ẹ ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó gbé e wọlé.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Wọ́n ní àwọn kà á, ẹ̀ẹ̀mejì péré làwọn gbé laptop jáde ṣiṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta, méjèèjì sì jẹ́ láti fi ìwé owó han oníbàárà. Wọ́n ní iná kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí àwọn wà. Wọ́n bi mí pé ṣé alòkù dáa.

Ẹ ṣé tí ẹ kà á. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, desktop kékeré lítà kan yẹn ni kí ẹ rà, alòkù rẹ̀ sì dáa gan-an. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá máa ń kó wọn jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn kò gbé wọn rìn, wọn kò jù wọ́n sílẹ̀. Laptop alòkù ti wà nínú báàgì, ó ti já bọ́, bátìrì rẹ̀ ti gbó. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: ọjọ́ 14 October 2025 ni Microsoft dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún Windows 10, Windows 11 sì ń béèrè chip ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ní ti Intel, kò gba processor tó bá kéré sí ìran kẹjọ, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀rọ ìran kẹfà àti ìkeje fi pọ̀ lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ má jẹ́ kí owó wọn fà yín mọ́ra. Ẹ wo orúkọ processor náà fúnra yín kí ẹ tó sanwó. "Ó jẹ́ i5" kò sọ nǹkan kan, nítorí i5 ti wà láti 2009.

RAM 16 GB, SSD (ẹ má gba hard disk oníyíyípo, ìyẹn ló máa ń mú kí ẹ̀rọ tó dáa dàbí aláìsàn), mọ́nítọ̀ ínǹṣì 24, kíbọ́ọ̀dù tó ní nọ́ńbà. Ohun tó bá kù nínú owó, ẹ fi ra UPS kékeré kan, iná tí kì í sábà lọ náà a máa lọ nígbà kan.

Ẹ má sì ju laptop àtijọ́ yẹn nù. Ẹ gbé e fún ẹni tó máa tú u, kó gbọn eruku fáànù rẹ̀, kó pààrọ̀ thermal paste, ohun bí ìpara tó wà láàárín processor àti irin tó ń fa ooru, kó fi bátìrì tuntun sí i. Ìdá díẹ̀ nínú owó laptop tuntun ni owó rẹ̀ máa jẹ́. Mo ṣe é fún ọ̀kan tó dàgbà ju tiyín lọ, ó padà bọ̀ sípò. Bí kò bá lè gba Windows 11, ẹ fi Linux sí i, kí ẹ má sì tọ́jú ìwé oníbàárà kankan sínú rẹ̀. Ẹ máa gbé èyí tí ẹ fẹ́ fi hàn lọ́jọ́ náà nìkan. Ìgbà méjì nínú oṣù mẹ́ta, ó tó fún un.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni láti tú, àní lálẹ́ òní, ẹ da gbogbo fáìlì àwọn oníbàárà yín kọ sórí dísìkì ìta, kí ẹ sì ṣí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn lórí kọ̀ǹpútà mìíràn láti rí i pé wọ́n ṣí. Laptop tó ń gbóná bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yẹn lè má dúró di ìgbà tí ẹ máa fi dé ọjà.